Ìwúkàrà

Bí wọ́n bá ti ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù l'Ọ́ńdà Jíì,
ìgbà yẹn lèmi ń ṣan ọwọ́, tí mò ń fi láílọ́ọ̀nù di irun,
tí mò ń wọ iṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì Díákónì Oyèdòkun.
Àpò ìyẹ̀fun mẹ́rin kí ilẹ̀ tó mọ́.
Ṣúgà, iyọ̀, bọ́tà, omi,
àti ìwúkàrà tí Díákónì máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n,
nítorí, ó ní, ohun kékeré ló ń ba ti ńlá jẹ́.

Ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ lówó òru kan,
òru mẹ́ta lọ́sẹ̀.
Mo ní ìwé kékeré kan tí mo fi ń ṣírò rẹ̀:
owó ilé, tí Bàbá Láńlọ́ọ̀dù kì í gbàgbé;
gáàsì; ọ̀kadà ọjọ́ òjò;
déètà, nítorí orí fóònù ni wọ́n ń ju iṣẹ́ sí báyìí;
ìwé olùkọ́ kan, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀,
bí o ò bá rà á, wọn ò ní rí orúkọ rẹ.
Mò ń yọ nínú ọ̀kan láti fi san èkejì
bí ẹni tí aṣọ ìbora rẹ̀ kò tó:
ó fà á sórí, ẹsẹ̀ yọ;
ó fà á sẹ́sẹ̀, ẹ̀fọn jẹ ẹ́ létí.
Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé, mo kọ "oúnjẹ".
N kò kọ iye kankan sí i.

Màámi pè láti Ìkòyí-Ilé.
"Ṣé o ń jẹun?"
Mo ní mò ń jẹun.
"Ṣé o ń sùn?"
Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kíláàsì aago mẹ́jọ,
oorun gbé mi lọ bí ẹni já sínú kànga.
Mo kàn gbọ́: "Ìwọ tí ìyẹ̀fun wà létí yẹn,
kí ní ń mú ìyẹ̀fun wú?"
Ẹnìkan rẹ́rìn-ín sínú.
Ohun tí mo kà nínú ìwé ti fò lọ lórí mi,
àwọn ọ̀rọ̀ gígùn gígùn tí mo há sórí lẹ́ẹ̀mejì,
ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò gbàgbé.
Mo ní, "Sà, ohun ẹlẹ́mìí ni.
Ó ń jẹ ṣúgà, ó ń mí,
èémí rẹ̀ ò ríbi gbà jáde, ló fi ń gbé ìyẹ̀fun sókè.
Bí omi bá gbóná jù, ẹ ti pa á.
Bí ó bá tutù jù, yóò kàn máa wò yín ni.
Bí ẹ bá sì kán an lójú, á wú lóòótọ́,
á wá wó lulẹ̀ nínú iná."
Dókítà Àjàgbé bọ́ awò ojú rẹ̀.
"Jókòó." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, mo gba méjìlélógójì.
Wọn ò bi ọwọ́ mi ní ìbéèrè kankan.

Fẹ́yíkẹ́mi, ẹni tí a jọ ń gbé yàrá, kì í bá mi wí.
Ó ń kọ ìwé tèmi pọ̀ mọ́ tirẹ̀,
ìkọ̀wé rẹ̀ tẹ̀ bí àgbàdo tí ìjì fẹ́ lù.
Èmi náà a sì mú búrẹ́dì tó wọ́ bọ̀,
èyí tó jóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí Díákónì ò lè tà.
Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn láti Tákìé ní ìdájí,
kí owó ọ̀kadà lè di owó déètà.
Ládàánì ń pèrun. Òórùn búrẹ́dì ń ṣíwájú mi,
ajá méjì ń tẹ̀lé mi bí ẹ̀ṣọ́.

Láàárọ̀ yìí mo ṣí ìwé kékeré mi.
Níwájú "oúnjẹ", ẹnìkan ti kọ nǹkan sí i,
lẹ́tà tó tẹ̀, bírò aláwọ̀ ewé:
"búrẹ́dì wíwọ́, mẹ́ta lọ́sẹ̀. Èmi ni mo jẹ ọ́ ní gbèsè."
N kò pa á rẹ́.
Aago mẹ́fà ààbọ̀.
Mo lè sùn fún ogójì ìṣẹ́jú.